Abẹ́rẹ́ Inú Yìnyín Ẹja

Abẹ́rẹ́ mẹ́wàá ni wọ́n dì fún mi ní ọsibítù, lẹ́yìn ọdún mẹ́rìnlá tí mo ti ń wá ọmọ. Ẹni ọdún méjìlélógójì ni mí. Ní Ayétòrò níbí, Tíṣà ni tọmọdé tàgbà ń pè mí, nítorí kò sí ọmọ tí wọn yóò fi orúkọ rẹ̀ pè mí ní ìyá.

Dókítà fara balẹ̀ ṣàlàyé fún mi. Ó ní ẹyin obìnrin kì í dá dàgbà. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan ló yí i ká, àwọn ló ń ṣe họ́mọ̀nù tí ilé ọmọ ń retí. Àwọn náà kì í sì í ṣiṣẹ́ láìjẹ́ pé a rán wọn níṣẹ́. Họ́mọ̀nù kan ń ti ọpọlọ wá, àwọn èròjà amúdàgbà tí sẹ́ẹ̀lì ń tú síra wọn á wá sọ bóyá kí wọ́n tẹra mọ́ ọn tàbí kí wọ́n rọra. Ó ní tèmi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dákẹ́. Abẹ́rẹ́ yìí ni yóò bá wa pariwo sí wọn létí, ẹ̀ẹ̀kan péré la sì lè gbìyànjú rẹ̀, torí ẹyin tó kù kò tó nǹkan mọ́.

"Ẹ má jẹ́ kó gbóná o, ẹ má sì jẹ́ kó dì," ni nọ́ọ̀sì wí. Èmi tí mo máa ń yọ máàkì ọmọ tí kò ka ìbéèrè tán, ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo gbọ́. Ooru ni mò ń bẹ̀rù.

Kò sí iná nílùú wa. Ọkọ mi, tó ń kó ẹja lọ sí Ìgbókòdá, ní kí n má wulẹ̀ dààmú, ta ló mọ yìnyín ju òun lọ? Ó fọ kúlà rẹ̀ tó dára jù, ó tẹ́ yìnyín sísàlẹ̀, ó to abẹ́rẹ́ lé e, ó da yìnyín bò ó, ó wá fọ́n iyọ̀ sí i, bó ṣe máa ń ṣe fún ẹja tó bá fẹ́ kó le gbagidi dé ọjà. Àràárọ̀ ló ń fi yìnyín tó ń rà bọ̀ láti Ìgbókòdá pààrọ̀ rẹ̀. Tí mo bá mú ìgò kan jáde, á ti dì. Màá dì í mọ́wọ́ títí á fi yọ́, kí n tó gbé e lọ bá nọ́ọ̀sì àdúgbò wa. Inú mi a máa dùn pé ó tutù dáadáa.

Nígbà tí mo gba abẹ́rẹ́ náà tán tí a padà sí ọsibítù, ọkọ mi jókòó síta, ó gbé kúlà òfìfo lé ẹsẹ̀. Dókítà wo àwòrán ikùn mi, ó tún un wò. Ẹyin kankan kò dàgbà. Ó bi mí bí a ṣe tọ́jú oògùn náà. Mo sọ ọ́ bó ṣe rí, àtiyọ̀ àti gbogbo ẹ̀. Ó gbé bírò rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní oògùn tó bá ti dì ti bàjẹ́, bí ẹni gún omi lásán ni, òun kò sì ní gbà mí níyànjú pé ká tún un ṣe. Mo sunkún níwájú rẹ̀, n kò tijú. Títí di òní, inú ń bí mi sí ara mi.

Mo sọ fún ọkọ mi pé ara mi ni kò gbà á. Nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé wa padà, ó di ọwọ́ mi mú.

"Ó kéré tán," ló wí, "kò gbóná lọ́jọ́ kan."

"Bẹ́ẹ̀ ni," mo ní. "Ẹ ṣeun."