Gìtá Bàbá Mi Tó Wà ní Likosi

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìkẹ́nnẹ́, tí àwọn ẹgbẹ́ mi bá ń ka ohun tí bàbá wọn ní, ẹnì kan á dárúkọ oko obì, ẹlòmíràn á dárúkọ mọ́tò. Gìtá ni èmi máa ń dárúkọ. Gìtá oníná méjì ló wà lára ògiri pálọ̀ wa, oríṣi kan náà, bàbá mi sì ń nù wọ́n ní gbogbo ọjọ́ Sátidé bí ẹni ń wẹ ọmọ.

Olùkọ́ ni bàbá mi. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi yìí lè rò pé gbogbo gìtá ló rí bákan náà. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀, àfi ìgbà tó gbé mi jókòó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi. Àwọn òyìnbó tó ń ṣe irú gìtá tiwa yìí ti dáwọ́ dúró tipẹ́. Gìtá náà ní ìwo méjì ṣóńṣó lókè, ó fúyẹ́ lọ́wọ́, ọ̀dà rẹ̀ tó jẹ́ àwọ̀ ewé sì ti ṣá débi pé èèyàn ń rí igi lábẹ́ rẹ̀. “Àwọn tuntun ń han létí,” bàbá mi á sọ, “ṣùgbọ́n èyí ń sọ̀rọ̀ bí èèyàn.”

Ohun tí n kò mọ̀ nígbà náà ni pé kò sí èyí tó jẹ́ gìtá rẹ̀ gan-an nínú àwọn méjèèjì. Èyí tó kọ́kọ́ ní, tó fi ń ṣeré nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, bàbá bàbá mi ló gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, tó sì fi ta àlejò kan lọ́rẹ, kí orin má baà ba ọmọ òun jẹ́. Láti ìgbà náà ló ti ń wá a.

Ọdún tí àwọn ológun kọ́kọ́ gbé ìjọba fún alágbádá, mo ti pé ọmọ ọdún méjìlá. Ọdún yẹn ni ọwọ́ òsì bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ìka kékeré ló kọ́kọ́ yigbì, lẹ́yìn náà èyí tó tẹ̀ lé e. Dókítà ní Ṣágámù sọ fún un pé díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa kú lọ, pé kò sí ohun tí òun lè ṣe sí i. Ọwọ́ òsì yẹn náà ló fi ń tẹ okùn gìtá.

Inú ilé wa yí padà. Bàbá mi kì í jẹun tán mọ́. Bí ilé ìwé bá ti parí, ó ti wọ ọkọ̀, ó ti lọ wádìí. Ìyá mi bẹ̀ ẹ́ títí. “Ẹ sinmi, ẹ jọ̀wọ́. Ṣebí méjì ń bẹ lára ògiri.”

“Ìwọ̀nyẹn,” bàbá mi dá a lóhùn, “nítorí pé wọ́n jọ ọ́ ni mo ṣe rà wọ́n.”

Ó mú mi dání lọ sí Ìsarà, nítorí kò lè gbé gìtá fúnra rẹ̀ mọ́. Télọ̀ kan tó ti fẹ̀yìn tì ní irú rẹ̀ kan níbẹ̀, àwọ̀ ewé náà ni. Bàbá mi yí orí gìtá náà padà, ó ń wá àpá tí òun fi sìgá jó sí i nígbà èwe. Kò sí àpá. Ó rọra gbé e sílẹ̀. Télọ̀ náà ṣàánú rẹ̀, ó ní òun ti rí òmíràn ní Likosi, lọ́dọ̀ ìyá àgbàlagbà kan.

A dé Likosi lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Ìyá náà jókòó sí iwájú ilé, ó ń ṣa ẹ̀wà. Bàbá mi sọ fún un pé olùkọ́ ni òun, pé gìtá ni òun wá wò. Nígbà tó gbé gìtá náà jáde, bàbá mi yí orí gìtá náà padà, àpá sìgá náà sì wà níbẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku. N kò tíì rí i kí ó dọ̀bálẹ̀ fún obìnrin rí.

“Ìyá, ẹ ṣàánú mi. Gìtá mi nìyẹn. Ohun tí ẹ bá ní kí n ṣe, màá ṣe é.”

“Ẹ dìde, Tíṣà,” ni ìyá náà wí. “Ọmọ mi kan ṣoṣo ló rà á. Iléeṣẹ́ ní Ògijó ló ti ń ṣiṣẹ́ kí ó tó kú. Bí ẹ bá gbé e lọ, kí ni mo fẹ́ máa wò?”

Bàbá mi dìde. Ìyá náà wá na gìtá náà sí i. “Ẹ ta á kí n gbọ́, kí ẹ tó lọ.”

Ó gbà á. Kò sí iná, ìpáàrà sì ti mú àwọn okùn rẹ̀. Ó fi ìka lé e, ìka kò tẹ̀. Ó tún gbìyànjú, ó tún gbìyànjú. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀ sára igi gìtá náà. Níkẹyìn ó gbé e lé mi nítan, ó ní kí n ta orin tí òun kọ́ mi. Mo ta á. N kò tíì ta á dé ìdajì tí ìyá náà fi dìde tó gba gìtá náà lọ́wọ́ mi. “Ó tó,” ló wí, “ó tó, ọmọ mi.” Ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Bàbá mi kò wá nǹkan kan mọ́. Kí òjò ọdún yẹn tó dá, ọwọ́ náà ti kú tán. Lẹ́yìn tí mo parí ẹ̀kọ́ girama, èmi nìkan padà sí Likosi, mo rò pé màá lè bẹ ìyá náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Àwọn ẹbí rẹ̀ ló bá mi sọ̀rọ̀. Ìyá ti kú, ó sì ti sọ fún wọn kí ó tó kú pé kí wọ́n gbé gìtá náà sínú pósí òun. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Mo délé, mo sọ fún bàbá mi. Ó yíjú sí ògiri títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́.

Lónìí àwọn ọ̀dọ́ láti Èkó máa ń wá bá mi nítorí gìtá ara ògiri bàbá mi, wọ́n ní irú gìtá wọ̀nyẹn ti wọ́n bí ojú. Ọmọ ọmọ mi tẹ fóònù níjọ́sí, ó fi irú rẹ̀ mẹ́wàá hàn mí, pẹ̀lú ohùn wọn. Ó rọrùn báyìí. Láyé tiwa, ẹsẹ̀ la fi ń wá ohun tó sọnù, ibi tí a bá sì ti rí i, a ó bá ẹnìkan níbẹ̀ tí òun náà dì í mú. Ẹ̀yin lè rí gìtá lónìí láìrí ojú ẹnikẹ́ni. N kò lè sọ pé ìyẹn burú. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tí mo rí nígbà èwe mi, èèyàn méjì tí wọ́n jọ di igi kan mú lójú ọ̀sán, tí kò sí èyí tó jẹ̀bi nínú wọn, ni n kò tíì lè gbàgbé.