Oyin Ọjọ́ Jímọ̀

Nígbà tí mo ń ṣe tíṣà ní Abájì, ọjọ́ Jímọ̀ ni mo máa ń retí. Bí àwọn ọmọ ilé-ìwé bá ti lọ tán, n ó wọ mọ́tò lọ sí Zuba, níbi tí bàámi ti ń ṣe mẹkáníìkì, tí àwọn àti màámi sì ń gbé yàrá méjì lẹ́yìn ọjà èso. Láti ọjọ́ tí dókítà ti sọ fún bàámi pé àtọ̀gbẹ ń ṣe wọ́n, pé kí wọ́n jáwọ́ nínú ṣúgà, oyin ni mò ń rà lọ fún wọn, ìgò kan lóṣù.

Bàámi fẹ́ràn nǹkan dídùn. Ẹni tó ń bu ṣúgà ṣíbí mẹ́rin sínú ife tíì kan, tí wọ́n wá ní kó máa mu ún lásán, àánú wọn ṣe mí. Mo sì rò pé mo gbọ́n. Ilé-iṣẹ́ ló ń ṣe ṣúgà, Ọlọ́run ló dá oyin, kí ló pa wọ́n pọ̀? Ayédèrú nìkan ni mò ń bẹ̀rù. N ó ti orí ìṣáná bọ inú oyin náà lójú ọkùnrin Hausa tó ń tà á, n ó sì ṣá a. Bó bá gbiná, ojúlówó ni. Ọkùnrin náà á mi orí: “Kai, tíṣà.”

Bí mo bá dé Zuba, bàámi á ti fọ epo mọ́tò kúrò lọ́wọ́. “Ìyá mi dé,” wọ́n á wí, torí pé ojú ìyá wọn ni mo gbé wáyé. Wọ́n á ṣí ìgò náà níwájú mi, wọ́n á bu ṣíbí kan lá, wọ́n á dijú. “Oyin yìí dáa.” Gbogbo wàhálà ọ̀sẹ̀ náà á tán lára mi.

Ní ọdún kẹta, bàámi tẹ ìṣó ní ṣọ́ọ̀bù, wọn ò sì mọ̀, nítorí àtọ̀gbẹ kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ mọ ìrora mọ́. Ìgbà tí màámi rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìbọ̀sẹ̀ wọn, egbò ti jinlẹ̀. Kò jinná títí a fi pàdánù wọn.

Lẹ́yìn náà ni mo ríṣẹ́ sí ọ́fíìsì kan ní Wuse. Àìsàn náà a máa rìn nínú ẹbí, nítorí náà mo lọ yẹ ara mi wò. Mo bi nọ́ọ̀sì léèrè nípa oyin.

“Àǹtí, ṣúgà náà ni oyin o. Bó bá ti wọnú ẹ̀jẹ̀, ọ̀kan náà ni wọ́n.”

Mi ò gbọ́ ohun tó sọ lẹ́yìn ìyẹn mọ́. Wọ́n ní ọgbọ́n àgbọ́njù ní í pa òdù ọ̀yà, àmọ́ tèmi, bàámi ló pa. Èrò tó gbà mí lọ́kàn nìyẹn. Fún oṣù mẹ́ta, mi ò lè lọ sí Zuba. Bí màámi bá pè mí, màá ní iṣẹ́ pọ̀.

Nígbà tí mi ò lè mú un mọ́ra mọ́, mo lọ, mo sì jẹ́wọ́ fún wọn. Màámi bẹ̀rẹ̀, wọ́n fa páálí méjì jáde lábẹ́ ibùsùn. Ìgò oyin ló kún inú wọn.

“Nọ́ọ̀sì ti sọ fún bàbá rẹ tipẹ́. Wọ́n ní n ò gbọdọ̀ sọ fún ọ, pé ojú á tì ọ́, o ò sì ní mọ ohun tí wàá máa rà bọ̀ mọ́.”

Mo gbé àwọn ìgò náà síbi fèrèsé lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn ló kún dé ọrùn. Ṣíbí kan ṣoṣo ló dín nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tí wọ́n lá níwájú mi.

Àárò bàámi sọ mí. Mo jókòó sílẹ̀ láàárín ìgò, mò ń retí kí ẹnì kan ní, “Ìyá mi dé.”