Asiata àti Òfin Kẹrin Ẹgbẹ́ Wa

Mi ò fẹ́ràn Asiata nígbà tí mo kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín. Lọ́jọ́ tí a pàdé ní Ìtòkú, níbi tó ti ń rẹ aṣọ láró, ó wo àdìrẹ tí mo ró, ó ní aró rẹ̀ ò mu, ta ló tà á fún mi. Èmi Harriet Olúbọ̀dé, tí mo fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé! Mo pòṣé, mo bá tèmi lọ. Ṣùgbọ́n kí oṣù tó parí, aṣọ náà ti ṣí.

Bó ṣe rí nìyẹn, kò mọ irọ́ ọ́ pa. Ní 1981, wọ́n sọ fún un ní ọsibítù pé ìtọ̀ ṣúgà ló ń ṣe é, àràárọ̀ ni yóò máa gba abẹ́rẹ́. Ìwòsàn ọ̀fẹ́ ni nígbà náà. Ó kọ́ bí a ṣe ń gún ara ẹni lábẹ́rẹ́, ó ń tọ́jú ìgò oògùn abẹ́rẹ́ rẹ̀ sínú ìkòkò amọ̀ kékeré tó fi aṣọ tútù wé kí ooru má bàa bà á jẹ́, iṣẹ́ aró sì ń lọ.

Nígbà tí 1984 wọlé, ọ̀fẹ́ dópin. Abẹ́rẹ́ di ohun tí kálukú ń rà fúnra rẹ̀, Asiata sì bẹ̀rẹ̀ sí í fo ọjọ́. Lọ́jọ́ kan ó ṣubú sẹ́bàá ìkòkò aró, Mọ́nsúrù ọkọ rẹ̀ ló gbé e dìde. Asiata lọ sí ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì kan ní Òkè-Ìlewó, bóyá wọn á máa bá a san owó abẹ́rẹ́. Ọmọkùnrin tó bá níbẹ̀ ń rẹ́rìn-ín sí i títí ó fi gbọ́ orúkọ àìsàn náà, ló bá rọra pa fáìlì dé.

Ló bá wá sọ́dọ̀ mi n'Ìbarà. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ìtọ́jú ara tí àwa obìnrin kan dá sílẹ̀. Oṣooṣù là ń dáwó, a sì ti bá dókítà kan ṣe àdéhùn pé ọmọ ẹgbẹ́ tó bá ṣàìsàn, kó ṣáà ti mú káàdì rẹ̀ wá. Ohun tó ń wá gan-an nìyẹn. Ṣùgbọ́n òfin kẹrin wà níbẹ̀: ẹni tí àìsàn tí kì í lọ bọ̀rọ̀ bá wà lára rẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ ẹgbẹ́, ẹni tó bá sì fi pamọ́, a ó yọ ọ́. Ọwọ́ mi ni mo fi kọ ọ́. Mo rò pé bí olókùnrùn bá pọ̀ láàárín wa, ẹgbẹ́ á túká.

Ìyá Péjú, alága wa, wà lọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ náà. Ó gbà á nímọ̀ràn pé kó ní ara òun le, ta ni yóò wo inú rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ta ló ń ké àìsàn rẹ̀ fáyé gbọ́? Asiata ní àràárọ̀ lòun ń gba abẹ́rẹ́, ṣé kóun sọ fún dókítà pé ẹ̀fọn ló ń jẹ òun ni. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, mo dijú mọ́rí. Mo ní kó wá sípàdé ní Sátidé.

Ó wá lóòótọ́, ó gbé ìgò abẹ́rẹ́ rẹ̀ dání, ó kúnlẹ̀ kí wa, ó dìde.

“Ìtọ̀ ṣúgà ló ń ṣe mí,” ó ní. “Mo lè parọ́, ẹ ó sì gbà mí. Ṣùgbọ́n mi ò lè máa bá yín jókòó lóṣooṣù kí n máa sá fún ojú yín. Mo fẹ́ wà láàyè, ẹ̀yin ìyá mi.”

Ìyá Péjú ní kí akọ̀wé ka òfin kẹrin. Mo ń kà á bọ̀, nígbà tí mo dé ibi ẹni tó bá fi pamọ́, mo dánu dúró. Nínú àpò mi, lábẹ́ Bíbélì, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wà níbẹ̀, èyí tí mo máa ń yọ́ lọ rà lọ́wọ́ Bándélé oníkẹ́míìsì. Ojú tì mí dé ìka ẹsẹ̀. Mo pa ìwé dé.

“Ẹ̀jẹ̀ ríru ń ṣe èmi náà, ọdún kẹfà rèé. Èmi ni mo kọ òfin yìí, èmi náà ni mo sì kọ́kọ́ rú u.”

Ìyá Péjú wò mí títí, ó wá ní ikọ́ fée tòun ti pé ọdún mẹ́wàá. Ẹlòmíràn ní ọkàn ń dun òun. Àṣé a pọ̀! Nínú àwa mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, mọ́kànlá ló ń fi nǹkan pamọ́, ẹgbẹ́ ò sì túká. A fa ìlà pa òfin kẹrin lọ́jọ́ náà, a fi díẹ̀ kún owó oṣù, a gba Asiata wọlé. Ọdún kẹta rèé, abẹ́rẹ́ rẹ̀ ò já mọ́.

Bí ìpàdé ọjọ́ náà ṣe tú, Asiata ní kí n fi oògùn mi han òun. Ó ṣí i, ó rí i pé ó ṣì kún.

“Tíṣà, ìgbà wo lẹ lo èyí gbẹ̀yìn?”

Mo jẹ́wọ́ fún un. Nítorí òfin tí mo fọwọ́ ara mi kọ, mi ò jẹ́ kí dókítà ẹgbẹ́ wọn ẹ̀jẹ̀ mi rí. Ìgbà tí orí bá ń fọ́ mi nìkan ni mò ń lo oògùn. Ní Mọ́ńdè ó wá mú mi nílé, a jọ lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹgbẹ́. Dókítà wọn ẹ̀jẹ̀ mi lẹ́ẹ̀mejì, ó ní ká ní mo tún dúró di ọ̀sẹ̀ méjì sí i ni, òun ì bá má bá mi láyé. Mo sunkún níbẹ̀. Wọ́n fún Asiata ní abẹ́rẹ́ tirẹ̀, wọ́n fún mi ní oògùn tèmi. Òun ló gbé àpò mi dání títí a fi délé.