Orúkọ Tí Ìyàwó Ilé Kì í Pè

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ orúkọ Dókítà Adùnọlá Oyèwọlé mọ́ ti àwọn tó ń du ipò olórí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nípa ewéko, ní yunifásítì tó ti ń kọ́ni ní ìhà Yábàá, ni ọkàn rẹ̀ kò ti balẹ̀ mọ́. Ọdún 1976 ni. Obìnrin kankan kò jẹ olórí níbẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ ó fẹ́ ipò náà dénúdénú. Ṣùgbọ́n bó bá ti wọ yàrá àwọn olùkọ́, oníkálukú a máa wo inú ife tíì rẹ̀.

Ẹni tí wọ́n jọ ń du ipò náà ni Ọláníyì, àbúrò ọkọ rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni nígbà tí Adùnọlá wọlé wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá nílé ọkọ lórúkọ, ìbáà kéré bí abẹ́rẹ́, nítorí náà ló ṣe sọ ọ́ ní Akọ̀wé. Adùnọlá ló kọ́kọ́ fi ìwé ewéko han ọmọ náà. Wọ́n ní ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Irọ́ ni wọ́n pa fún Adùnọlá.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, Akọ̀wé yọjú sí ọ́fíìsì rẹ̀.

“Ìyàwó wa, ẹ má gbàgbé ilé o.”

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó lọ.

Ọkùnrin márùn-ún ló jókòó dè é. Wọn kò bi í léèrè ìwé kankan tó kọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọláṣùpọ̀, alága wọn, bọ́ awò ojú rẹ̀.

“Mà, ẹ dárúkọ àwọn olùkọ́ tí ẹ máa ṣe ọ̀gá fún.”

“Dókítà Ambrose. Arábìnrin Ethel. Ọ̀gbẹ́ni Múrítàlá.”

“Ó ku ẹnì kan.”

“Akọ̀wé.”

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. “Ṣebí ọkọ yín nìyẹn? Ta ló ń rán ọkọ níṣẹ́?”

Ó wá yé e pé Akọ̀wé ló ti ilé gbé ìdẹkùn náà wá fún wọn. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Inú bí i dé góńgó.

“Dókítà Ọláníyì Oyèwọlé,” ó pè é ketekete.

Ẹ̀rín tán. Alága kọ nǹkan sílẹ̀. “Ó ti tó, mà.”

Kó tó dé ilé wọn ní Àgùdà, ìròyìn pé ó pe orúkọ náà ti ṣáájú rẹ̀ délé. Ó kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ rẹ̀, tó ń bá wọn gbé, lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá náà fa aṣọ rẹ̀ mọ́ra, ó kẹ̀yìn sí i.

Ní ọjọ́ kẹta ni lẹ́tà dé. Wọ́n ní obìnrin tí kò bọ̀wọ̀ fún ilé ọkọ rẹ̀ kò lè tọ́jú ẹ̀ka. Wọ́n ti gbé ipò náà fún Ọláníyì. Ibi tó ti ń kà á lọ́wọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀ka náà ni ilẹ̀kùn ọ́fíìsì olórí ṣí, Akọ̀wé yọjú.

“Ìyàwó wa, ẹ wá bá wa ṣe àkọsílẹ̀ ìpàdé.”

Kí Adùnọlá tó mọ̀, orúnkún rẹ̀ ti kanlẹ̀.