Káfíńtà Onítáì

Bí òòlù bá ti ń dún lórí páánù, káfíńtà játijàti kan ni mo máa ń rántí. Bàbá mi mú un wá sí Ìkòsí láti bo ilé wa, kìkì nítorí pé ó de táì. Ta ní ń de táì gun òrùlé?

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, òórùn pákó tútù gba gbogbo àgbàlá. Ìyá àgbà wòkè.

“Káfíńtà, inú kòtò páánù lo ń kan ìṣó sí. Ṣé omi ò ní gbabẹ̀ wọlé?”

“Màmá, ìmọ̀ ọ̀pẹ lẹ mọ̀.”

Bàbá mi rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, torí ìṣó yẹn ń dán, ó sì tò dáadáa. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé orí gegele páánù ni wọ́n ń kàn án sí.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, òjò dé, gbogbo ojú ìṣó sì ń jò. La bá sá lọ sílé ìdáná Ìyá àgbà, lábẹ́ ìmọ̀ ọ̀pẹ. Bàbá mi ọ̀làjú ló kọ́kọ́ débẹ̀.