Kípà Tó Ń Kí Puck Káàbọ̀

Orúnkún ló lé Olúdọ̀tun kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ọdún mọ́kànlá gbáko ló fi ṣe kípà fún àwọn ẹgbẹ́ họ́kì orí yìnyín tó ń sanwó, kí dókítà tó wo fọ́tò ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ní ó tó gẹ́ẹ́. Bó ṣe di ẹni tó ń jókòó sí basement, yàrá abẹ́ ilé rẹ̀ l'Abbeydale lókè òkun nìyẹn, tó ń fi remote tẹlifíṣàn ṣeré.

Ẹgbẹ́ họ́kì àwọn ọmọdébìnrin kan ní Skyview Ranch, àdúgbò tó wà nítòsí, wá ní kó kọ́ kípà àwọn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bọ́mọ náà bá mọ̀ ọ́n, Olúdọ̀tun ti di kóòṣì nìyẹn. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ó dàbọ̀. Iṣẹ́ náà wù ú débi pé ojú ń tì í láti sọ ọ́.

Rodiyat lọmọ ọ̀hún, ọmọ ọdún mẹ́wàá, tó máa ń dúró gbagidi bí òpó iná. Kípà sì gbọ́dọ̀ já lulẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì kí puck, rọ́bà dúdú tí wọ́n ń gbá yẹn, tó dé.

“Drop, Rodiyat! Drop!”

“I am dropping, Coach!”

Irọ́ ni. Puck á ti wọlé, á ti jókòó, kó tó rántí pé òun lórúnkún. Olúdọ̀tun ṣàlàyé títí, ó ya àwòrán, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ara rẹ̀ mọ iṣẹ́ náà, ẹnu rẹ̀ ni ò mọ̀ ọ́n.

Ní Sátidé tó kẹ́yìn, ìyá àgbà Rodiyat, Alhaja Ràṣídátù, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn dé, yọ lẹ́yìn gíláàsì tó yí pápá yìnyín ká pẹ̀lú jákẹ́ẹ̀tì méjì lọ́rùn. Kíá, Rodiyat ti wà lórí orúnkún méjèèjì.

“Ẹ káàbọ̀, mà!”

Puck tẹ́nì kan ti gbá bọ̀ kọlu ẹsẹ̀ rẹ̀, ó padà síbi tó ti wá.

Olúdọ̀tun lọgun. “Rodiyat! Gbogbo puck tó bá ti ń bọ̀, grandma ni o! Kí i!”

“Like, every single one?”

“Gbogbo wọn! Má jẹ́ kí àgbà kọjá lára ẹ láìkí.”

Lọmọ bá ń kí puck. Ẹ káàbọ̀, mà. Ẹ kú ìrìn, mà. Alhaja ṣe bí òun ni wọ́n ń kí, ó ń dáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan: “O káre, ọmọ mi. Wàá dàgbà.” Nínú ogún tí wọ́n gbá, méjì péré ló wọlé.

Ọ̀gá ẹgbẹ́ náà, òyìnbó kan tí kì í rẹ́rìn-ín, sún mọ́ Olúdọ̀tun. “What's she saying to it?”

“Welcome.”

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. “Then welcome, Coach. See you Monday.”

Olúdọ̀tun ń ṣa puck jọ nígbà tí Rodiyat dé, tó bọ́ akoto lórí. Puck kankan ò bọ̀, síbẹ̀ ó kúnlẹ̀.

“Ẹ ṣé, sà.”

Ọdún mọ́kànlá ni Olúdọ̀tun fi kúnlẹ̀ lórí yìnyín. Òní lẹnì kan kọ́kọ́ kúnlẹ̀ fún un níbẹ̀. Inú rẹ̀ dùn débi pé omijé bọ́ lójú rẹ̀. Ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kó fà á dìde, orúnkún rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀.

“Dìde, jàre,” ló ní, “ilẹ̀ tutù.”