Ohun Tó Bá Wà Lára Bọ́ọ̀dù

Bọ́ọ̀dù dúdú kan wà lẹ́nu ọ̀nà kántíìnì mi ní Àgọ́-Ìwòyè. Ọwọ́ ìyá mi ni mo ti gbà á, òun àti àwọn ìkòkò, àti òfin kan: ohun tó bá wà lára bọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ wà nínú ìkòkò. Bí ẹ̀wà bá tán, fa ìlà lé e lórí. O kò gbọdọ̀ nù ún, kí ẹni tó pẹ́ dé lè rí i pé ẹ̀wà wà lóòótọ́, wọ́n ti jẹ ẹ́ tán ni. Lójú ìyá mi, ẹni tó bá nu orúkọ oúnjẹ nù lọ́sàn-án gangan, irọ́ ló fẹ́ pa. Àwọn ọmọ yunifásítì mọ òfin yìí jù mí lọ. Bí ìrẹsì bá wà lára bọ́ọ̀dù tí mo sì ní kò sí, wọn ò ní bá mi jà. Wọ́n á kàn na ìka sí i, wọ́n á sì dúró. Mo ti dáná ìrẹsì tuntun fún odindi ẹnì kan rí nítorí ìlà tí mo gbàgbé láti fà.

Kọ̀rónà dé, wọ́n ti ilé ẹ̀kọ́ pa, àwọn ọmọ kó ẹrù wọn, ìlú pa lọ́lọ́. Gbogbo àwa tí à ń tajà lójú ọ̀nà yẹn, àwọn ọmọ yẹn là ń tà fún: èmi, aránṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, onídìrí, ìyá arúgbó ẹlépo tó wà ní òdìkejì. Ìrẹsì tó yẹ kí n fi tajà, èmi àti àwọn ọmọ mi la jẹ ẹ́, títí kóńgò fi ń ha ìdí ike.

Bọ́ọ̀dù wá wà lófìfo, mi ò sì lè wò ó bẹ́ẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan mo mú ṣọ́ọ̀kì, mo kọ ọ́ pé kẹ́míìsì ìsàlẹ̀ ọ̀nà ṣí lónìí. Àwọn èèyàn dúró kà á. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń mú ìròyìn wá bá mi. Mo kọ ọ́ pé ọ̀kadà ń lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó láàárọ̀ nìkan. Mo kọ ọ́ pé omi ń yọ ní kànga ẹ̀rọ ọ̀nà Awà. Mo kọ ọ́ pé ibà lásán ló ṣe alákàrà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé sá fún un. Mo máa ń lọ wádìí kí n tó kọ, nítorí òfin ìyá mi kò yí padà. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gba bọ́ọ̀dù mi gbọ́ ju fóònù lọ.

Ìgbà tó yá, wọ́n yan ìgbìmọ̀ kan ní àdúgbò láti ran àwa ọlọ́jà kékeré lọ́wọ́. Akọ̀wé wọn, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó máa ń ka Bíbélì fún wa ní ṣọ́ọ̀ṣì, ló fẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi pé ìrẹsì ń bọ̀ fún gbogbo wa. Mo kọ ọ́ gàdàgbà: ÌRẸSÌ ÌRÀNWỌ́, GBOGBO ỌLỌ́JÀ OJÚ Ọ̀NÀ YÌÍ, NÍ GBỌ̀NGÀN ÀDÚGBÒ, LỌ́JỌ́ ẸTÌ.

Ní Ọjọ́bọ̀, akọ̀wé gbé odindi àpò ìrẹsì wá bá mi lórí ọ̀kadà.

"Ìyá Kántíìnì, tìrẹ rèé."

Inú mi dùn débi pé díẹ̀ ló kù kí n dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin dípò kí n kúnlẹ̀. Ó wá na ọwọ́ sí bọ́ọ̀dù.

"Kàn bá mi nu ìyẹn kúrò. Kò lè kárí gbogbo yín. Àwọn tí a mọ̀ la fẹ́ fún."

"Kí ló dé tí ẹ fi mọ èmi, sà?"

"Ìwọ ni wọ́n ń gbọ́ràn sí lẹ́nu."

Mo wo àpò, mo wo bọ́ọ̀dù, mi ò sì ní purọ́ fún yín, àpò ni mo kọ́kọ́ wò. Òun ni kántíìnì mi. Bí àwọn ọmọ bá padà tí mi ò ní ohun tí mo máa gbé kaná, ẹlòmíràn á gba oníbàárà mi kí n tó ṣẹ́jú.

"Ọ̀gá tíṣà," mo ní, "mi kì í nu bọ́ọ̀dù yìí. Ìlà ni mò ń fà, bí oúnjẹ bá tán. Ṣé ó ti tán ni?"

"Màá gbé àpò yìí padà o."

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé e, sà. Ó wúwo."

Mo sì bá a gbé e sórí ọ̀kadà. Nígbà tó lọ tán, mo jókòó sórí ìkòkò tí mo dojú rẹ̀ délẹ̀, mo sunkún. Ìbínú ni.

Lọ́jọ́ Ẹtì, àwọn ọlọ́jà bá gbọ̀ngàn ní títì, ni wọ́n bá yọ sí mi. Ìyá ẹlépo ló ṣáájú wọn.

"Lèsí kọ èyí?" ó fi Ìjẹ̀bú bi mí, bí ẹni tí kò mọ̀ pé èmi ni. "Dede wa la kà á, gbogbo wa pátá. Ìrẹsì ọ̀hún dà?"

Ó dùn mí. Ìgbìmọ̀ ló tilẹ̀kùn, èmi ni wọ́n wá bi. Ṣùgbọ́n èmi ni mo kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Mo yọ bọ́ọ̀dù lára ìṣó, mo gbé e rù, mo ki ṣọ́ọ̀kì bọ etí ìró mi, ó di gbọ̀ngàn. Wọ́n tẹ̀lé mi pẹ̀lú ìbòmú lójú, olúkúlùkù jìnnà sí ẹnìkejì bí ìjọba ṣe wí, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí wa mú. Mo fi bọ́ọ̀dù ti ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn, mo sì jókòó tì í.

Akọ̀wé dé pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Ó ní kí n gbé bọ́ọ̀dù kúrò lọ́nà.

"Ibi tí oúnjẹ rẹ̀ wà ló wà, sà."

Aránṣọ na ìka sí bọ́ọ̀dù. Onídìrí na ìka tirẹ̀. Ká tó wí, gbogbo àwọn tó tò sílẹ̀ ti na ìka sí i. Akọ̀wé ka bọ́ọ̀dù látòkè délẹ̀, ó ṣílẹ̀kùn.

Wọ́n tú àwọn àpò, wọ́n ń wọn ìrẹsì ní kóńgò kọ̀ọ̀kan. Èmi náà gba tèmi, ẹ̀kún ìkòkò kékeré, oúnjẹ alẹ́ lásán. Nígbà tó yá, akọ̀wé gbọn àpò tó kẹ́yìn sílẹ̀.

"Ó ti tán," ó ní. "Nù ún wàyí."

Ìyá ẹlépo àti àwọn díẹ̀ kan ṣì dúró pẹ̀lú abọ́ òfìfo. Ìyá arúgbó náà ti ń ti àwọn ọlọ́mọ síwájú ara rẹ̀ láti àárọ̀.

"Àpò tí mo bá yín gbé sórí ọ̀kadà ńkọ́, sà?"

Gbogbo ojú yí sí i. Mo mọ ohun tí mo ń béèrè. Mo mọ̀ pé bí wọ́n bá tú àpò yẹn, ẹlòmíràn ló máa kọ́kọ́ se ìrẹsì fún àwọn ọmọ nígbà tí wọ́n bá padà, bẹ́ẹ̀ ló sì rí: ògì gbígbóná ni mò ń tà lórí tábìlì kan nígbà náà. Bí wọ́n bá tún gbé e wá lónìí, màá tún bá wọn gbé e padà sórí ọ̀kadà.

Wọ́n lọ gbé e wá láti ilé akọ̀wé. Wọ́n tú u níwájú mi. Ìgbà tí kóńgò tó kẹ́yìn dà sínú abọ́ ìyá ẹlépo ni mo tó yọ ṣọ́ọ̀kì létí ìró mi, mo dìde, mo sì fa ìlà.